ADÁJỌ́ KÁYỌ̀DÉ Ẹ̀ṢỌ́ (1925–2012): ÀYẸ̀WÒ ÌGBÉSÍ AYÉ ÀTI IṢẸ́ RẸ̀ NÍNÚ ÌTÀN ÌDÁJỌ́ NÍ NÀÌJÍRÍÀ

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àyẹ̀wò ìgbésí ayé àti iṣẹ́ Adájọ́ Samuel Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́, ọmọ bíbí ìlú Iléṣà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹni tó jókòó sórí àga ìdájọ́ láti ọdún 1965 títí di ọdún 1990. Ojú ìtàn ni àyẹ̀wò náà fi wo ẹjọ́ márùn-ún tí orúkọ rẹ̀ so mọ́: ẹjọ́ Wọlé Ṣóyínká (1965), ẹjọ́ ìdìbò Ààrẹ (1979), ẹjọ́ ilẹ̀ Ariori àti Elemo (1983), ẹjọ́ ìdílé Ransome-Kuti (1985) àti ẹjọ́ Ojukwu (1986). Ìbéèrè tó jẹ iṣẹ́ yìí lógún ni pé ṣé ẹ̀yà àti ẹgbẹ́ òṣèlú ló ń darí ìdájọ́ ọkùnrin yìí, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń rò látàrí ohun tó ṣe ní ọdún 1979, tàbí òfin? Àbájáde iṣẹ́ yìí ni pé bí a bá to àwọn ìdájọ́ náà sójú kan, òfin ni wọ́n tọ́ka sí.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Òwe yìí jẹ́rìí sí i pé kí òyìnbó tó gbé ilé-ẹjọ́ tirẹ̀ dé ni àwùjọ Yorùbá ti mọ̀ pé tọ̀tún tòsì ni à ń gbọ́ kí a tó dájọ́. Baálé ni í kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ nínú agboolé. Èyí tó bá ju agbára baálé lọ ni í dé ọ̀dọ̀ ìjòyè àdúgbò, èyí tó bá sì ta kókó jù bẹ́ẹ̀ lọ ni í dé ààfin. Ìlàjà ni òpin irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ilé-ẹjọ́ òyìnbó, tí í máa ń pín àwọn oníjà sí ọ̀nà méjì, olùborí àti olùpàdánù, fi ya àwọn ènìyàn lẹ́nu, tí wọ́n fi ń sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Síbẹ̀, kóòtù náà ti di tiwa. Títí di ọdún 1963, ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni ẹjọ́ Nàìjíríà ń parí sí, níwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ti ọba Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò fi ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe olórí mọ́ ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti di òpin ẹjọ́. Ọmọ Yorùbá ni Sir Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá tó kọ́kọ́ jẹ́ Adájọ́ Àgbà nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà, láti ọdún 1958 títí di ọdún 1972. Ìran àwọn adájọ́ tó tẹ̀ lé tirẹ̀ ni Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ wà.

Ìwé ìtàn lórí àwọn ọba, àwọn jagunjagun àti àwọn olóṣèlú pọ̀ ní èdè Yorùbá. Èyí tó dá lé àwọn adájọ́ kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdájọ́ wọn ń kan olówó àti tálákà bákan náà. Àìsí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa fi àhesọ ṣe ìtàn adájọ́. Bí wọ́n bá gbọ́ pé adájọ́ kan ta ko ọ̀rọ̀ ìjọba, wọ́n á ní ẹ̀yà rẹ̀ ló ń gbè. Bí ó bá gbè é, wọ́n á ní wọ́n ti fún un ní nǹkan. Àyẹ̀wò tó wà nísàlẹ̀ yìí wá ọ̀nà mìíràn: ohun tí adájọ́ kọ sílẹ̀ àti ipò tí ìlú wà nígbà tó kọ ọ́.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Ọjọ́ 18, oṣù Owéwe, ọdún 1925 ni wọ́n bí Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ ní Iléṣà. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ni gbogbo ènìyàn mọ̀ sí òṣómàáló nítorí ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò wọn ń gbà sin gbèsè, ṣùgbọ́n wọn kò fi ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ṣeré. Ilé-ẹ̀kọ́ Holy Trinity ní Ọmọ́fẹ̀, Iléṣà, ni ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ ìwé, kí ó tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíráмà ìlú náà, ìyẹn Ilesa Grammar School. Ọdún 1934 ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀, Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé owó àti ìfẹ́ àwọn ará ìlú wà lára ohun tó gbé ọmọ náà dé ibi tó dé.

Láti Iléṣà, ọ̀nà jìn dé Dublin ní ilẹ̀ Ireland, níbi tó ti kọ́ ìmọ̀ òfin ní Trinity College. Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní ọdún 1953, ó sì tún gba oyè M.A. ní ọdún 1956. Ireland tó lọ yìí yẹ ní àkíyèsí. Ọdún 1949 ni ilẹ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ já okùn tó kù láàrin òun àti ọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará ibẹ̀ ń lo òfin tó ti ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìwé òfin orílẹ̀-èdè tiwọn tó ju òfin yòókù lọ. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Nàìjíríà náà ń mura láti dà nígbà náà.

Ó padà wá sílé, ó sì ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò fún bí ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó fi í ṣe adájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní ọdún 1965. Ẹkùn yìí kan náà ni Ẹdẹ, Iléṣà àti Òṣogbo wà nígbà náà. Ó di Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1967, a yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lára rẹ̀ ní ọdún 1976, a sì yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lára Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ 27, oṣù Ògún, ọdún 1991.

Ẹjọ́ Wọlé Ṣóyínká, 1965

Ọdún tí Ẹ̀ṣọ́ di adájọ́ kì í ṣe ọdún ìrọ̀rùn. Láti ọdún 1962 tí Ẹgbẹ́ Action Group ti pín sí méjì láàrin Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ni ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn kò ti rójú. Ilé-ẹjọ́ pàápàá ti rí i. Ní ọdún 1963, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù dá Alhaji D. S. Adégbénró láre lórí ọ̀rọ̀ ipò Olórí Ìjọba, ṣùgbọ́n ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ẹkùn náà ṣe àtúnṣe sí òfin, wọ́n sì mú kí àtúnṣe náà bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá, tí ìdájọ́ náà fi di òfo. Ẹni tó bá di adájọ́ lẹ́yìn irú nǹkan báyìí mọ̀ pé ìjọba lè sọ ìdájọ́ di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Ọjọ́ 11, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1965 ni wọ́n dìbò sí ilé ìgbìmọ̀ ẹkùn náà. Èsì rẹ̀ dá rògbòdìyàn sílẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní "Wẹ́tíẹ̀". Ní àárín oṣù náà, nígbà tó yẹ kí ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá lọ sórí afẹ́fẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rédíò Ìbàdàn, ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú ìbọn, ó ní kí wọ́n yọ téèpù Olórí Ìjọba kúrò, kí wọ́n fi òmíràn tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu ìjọba náà sí i. Ìjọba mú Wọlé Ṣóyínká, olùkọ́ yunifásítì àti òǹkọ̀wé eré onítàn, wọ́n sì fi ẹ̀sùn kàn án. Ẹjọ́ náà bọ́ sí ọwọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́.

Ó yẹ kí òǹkàwé ro ipò tí adájọ́ náà wà. Ọdún yẹn gan-an ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun orí àga. Ìjọba ẹkùn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lórí rédíò. Ìlú ń gbóná. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yẹ ẹ̀rí wò, ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí ìjọba kò bára wọn mu. Nínú oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 1965, ó dá olùjẹ́jọ́ náà sílẹ̀. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí àwọn ológun fi gbàjọba, ní ọjọ́ 15, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1966, wọ́n sì pa Akíntọ́lá nínú rògbòdìyàn ọjọ́ náà.

Ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn èyí, Ṣóyínká fúnra rẹ̀ sọ nínú àwọn ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ pé òun ni òun wọ ilé rédíò náà. Èyí ló mú kí àwọn kan béèrè pé ṣé adájọ́ ṣi ẹjọ́ dá ni? Ìdáhùn rẹ̀ ṣe pàtàkì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní ìtàn tàbí ẹ̀kọ́ ìlú. Adájọ́ kì í ṣe babaláwo tí yóò wo ohun tó pamọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wò ó bóyá ẹni tó pe ẹjọ́ fi ìdí ẹ̀sùn rẹ̀ múlẹ̀ kọjá iyèméjì. Bí ẹ̀rí bá yẹ̀, ẹjọ́ ti yẹ̀ nìyẹn, ìbáà ṣe pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ṣe é, ìbáà ṣe pé kò ṣe é. Bí adájọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tó fura sí dí àlàfo inú ẹ̀rí, aláìṣẹ̀ tí yóò tipasẹ̀ rẹ̀ wẹ̀wọ̀n kò ní í lóǹkà. Ẹ̀ṣọ́ ka ẹjọ́ yìí sí pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé orí rẹ̀ ni ó gbé orúkọ ìwé tó kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀ kà, ìyẹn The Mystery Gunman.

Ẹjọ́ Ìdìbò Ààrẹ, 1979

Ní ọdún 1978, Ẹ̀ṣọ́ dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ tó sọ orúkọ rẹ̀ di mímọ̀ ní gbogbo Nàìjíríà dé.

Ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣe ètò ìdìbò Ààrẹ ní ọjọ́ 11, oṣù Ògún, ọdún 1979. Alhaji Shehu Shagari ti ẹgbẹ́ NPN ní ìbò 5,688,857, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ẹgbẹ́ UPN ní 4,916,651. Ṣùgbọ́n òfin ìdìbò kò fi iye ìbò nìkan ṣe òṣùwọ̀n. Apá 34A òfin náà ní kí ẹni tí yóò wọlé ní ìbò tó pọ̀ jù, kí ó sì tún ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò tí wọ́n dì ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀. Ète òfin yìí dára: wọn kò fẹ́ kí ẹni tí apá kan ilẹ̀ yìí nìkan fẹ́ di Ààrẹ. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ 19 ló wà nígbà náà, a kò sì lè fi mẹ́ta pín 19 kó má ṣẹ́ kù. Ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ọ̀kan. Shagari ní ìdá kan nínú mẹ́rin ní ìpínlẹ̀ 12. Ní ìpínlẹ̀ kẹtàlá, tí í ṣe Kánò, ìbò 243,423 ni ó ní nínú 1,220,763, èyí tí kò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Bí ó bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo Kánò ni òfin ń bi í, 305,191 ló yẹ kó ní.

Olóyè Richard Akínjídé, tó jẹ́ agbẹjọ́rò fún Shagari, ní ìpínlẹ̀ 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta Kánò ni òfin béèrè. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò Kánò kò ju 203,461 lọ, Shagari sì ti kọjá rẹ̀. Àjọ tó ṣètò ìdìbò gba ìṣirò yìí, wọ́n sì kéde Shagari ní ọjọ́ 16, oṣù Ògún. Awólọ́wọ̀ gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìdìbò, wọn kò dá a láre. Ó wá dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, G. O. K. Àjàyí sì jẹ́ agbẹjọ́rò rẹ̀ níbẹ̀.

Adájọ́ méje ló jókòó, Adájọ́ Àgbà Atanda Fatayi-Williams ni olórí wọn. Ní ọjọ́ 26, oṣù Owéwe, ọdún 1979, wọ́n dá ẹjọ́ náà nù. Àwọn tó pọ̀ jù gbà pé òfin náà kò sọ pé kí a sọ àjẹkù ìṣirò di odidi, àti pé ohun tí Shagari ní tó. Ẹ̀ṣọ́ nìkan ló kọ ìdájọ́ pé kí wọ́n gba ẹ̀bẹ̀ Awólọ́wọ̀. Lójú tirẹ̀, odidi ni ìpínlẹ̀. Òfin ló dá a sílẹ̀, ó sì ní ààlà. A kò lè gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ fún ìṣirò. Nítorí náà, 13 ni òfin ń béèrè.

Ìṣòro tó wà nínú ìṣirò kejì kò ṣòro láti rí. Bí a bá gbà pé ìdá méjì nínú mẹ́ta Kánò nìkan ni òfin ń wò, apá ibo ni Kánò ni a ó mú? Síwájú sí i, odidi ìbò tí Shagari ní ní gbogbo Kánò ni wọ́n fi wé ìdá méjì nínú mẹ́ta àpapọ̀ ìbò. Ẹni tó bá gé ìdíwọ̀n kan kúrú tó sì fi èkejì sílẹ̀ ní gígùn, kò tíì wọn nǹkan dọ́gba. Síbẹ̀, ó tọ́ kí a sọ ti àwọn tó pọ̀ jù náà. Bí aṣòfin bá fẹ́ 13, kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́ láti kọ 13. Ọjọ́ tí ológun yóò gbé ìjọba lé alágbádá lọ́wọ́ sì ti dé tán: ọjọ́ 1, oṣù Ọ̀wàrà. Ìjà lórí ìtumọ̀ òfin ni, ó sì ní ẹsẹ̀ ní ìhà méjèèjì.

Yorùbá ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ní ọjọ́ náà, ohùn ẹnìkan kò yí ìdájọ́ padà. Ṣùgbọ́n nínú ìmọ̀ òfin, ìdájọ́ ìyapa kì í kú. Ó máa ń wà nínú ìwé, kí àwọn tó ń bọ̀ lè padà wò ó. Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà dùn ún wò. Ìpínlẹ̀ di 21 ní ọdún 1987, ó di 30 ní ọdún 1991, ó di 36 ní ọdún 1996. Gbogbo iye wọ̀nyí ni a lè fi mẹ́ta pín láìṣẹ́ kù, nítorí náà àríyànjiyàn ọdún 1979 kò tún dìde mọ́ ní irú àwọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú òfin náà kò yé dá ẹjọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2023, ìjiyàn wáyé lórí bóyá ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò Olú-ìlú Àbújá pọn dandan lọ́tọ̀, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì dáhùn ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹjọ́ Tó Pẹ́ Jù: Ariori àti Elemo, 1983

Kì í ṣe ẹjọ́ àwọn ènìyàn ńlá nìkan ni adájọ́ fi ń lókìkí. Ìdílé méjì ní Èkó ń bá ara wọn du ilẹ̀. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ jẹ́ kí ó pẹ́ ju ọdún kan lọ láàrin ìgbà tí àwọn agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ ìkẹyìn àti ìgbà tí ó dájọ́. Ìbéèrè tó dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ni pé bí àwọn tó ń jà kò bá ráhùn nígbà náà, ṣé wọ́n ti yááfi ẹ̀tọ́ wọn nìyẹn?

Ẹ̀ṣọ́ dáhùn pé àwọn ẹ̀tọ́ kan wà tí í ṣe ti ẹnìkan ṣoṣo, olúwa rẹ̀ sì lè yááfi wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ sí ìdájọ́ tó bọ́ sákòókò tó sì tọ́, ti gbogbo ìlú ni, ẹnìkan kò lè fi ta ọrẹ. Adájọ́ tó bá jẹ́ kó pẹ́ bẹ́ẹ̀, ìrísí àwọn ẹlẹ́rìí yóò ti parẹ́ lọ́kàn rẹ̀, kò sì ní mọ ẹni tí ojú rẹ̀ fi òtítọ́ hàn mọ́. Wọ́n ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́. Ẹ̀kọ́ yìí ti wọnú iṣẹ́ ìdájọ́ ní Nàìjíríà. Ìwé òfin ọdún 1999 sì ní kí ilé-ẹjọ́ dájọ́ láàrin 90 ọjọ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìkẹyìn àwọn agbẹjọ́rò.

Ẹjọ́ Ìdílé Ransome-Kuti, 1985

Ní ọjọ́ 18, oṣù Èrèlé, ọdún 1977, àwọn ọmọ ogun ya wọ ilé Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ní òpópónà Agége Motor Road, Èkó. Wọ́n lu àwọn tó wà níbẹ̀, wọ́n sì sun ilé náà. Ìyá rẹ̀, Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tó ti léwájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá nínú ìjà owó orí, farapa níbẹ̀, ó sì di olóògbé ní ọdún 1978. Ìdílé náà pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́. Ó dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ọdún 1985.

Ibi tí ó yẹ kí àwọn tó ní ẹ̀yà ló ń darí Ẹ̀ṣọ́ dúró sí nìyí. Ìdílé Yorùbá tó lókìkí ni olùpẹ̀jọ́. Ìwà tí wọ́n hù sí wọn kò ṣeé gbè. Nínú ìdájọ́ rẹ̀, Ẹ̀ṣọ́ sọ ọ̀rọ̀ tí àwọn agbẹjọ́rò kò yé tọ́ka sí: pé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ga ju òfin lásán lọ, ó sì ti wà kí ìjọba tó wà. Síbẹ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò dá ìdílé náà láre. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀, òfin tí Nàìjíríà jogún láti ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé ọba kì í ṣẹ̀, ìjọba sì ni ó rọ́pò ọba. A kò lè pe ìjọba lẹ́jọ́ fún irú ìwà ipá tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ hù. Ìwé òfin ọdún 1979 ló mú ààbò náà kúrò, ṣùgbọ́n ọdún 1977 ni wọ́n sun ilé náà.

Nǹkan méjì ló ṣeni ní kàyéfì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èkínní, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ni òfin náà ti fi òfin pa á rẹ́ ní ilẹ̀ wọn láti ọdún 1947. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ẹrù tí wọ́n ti sọ kalẹ̀ ṣì wà lórí àwa. Èkejì, àwọn Yorùbá fúnra wọn kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Aláàfin tó bá ṣi agbára lò, Ọ̀yọ́ Mèsì lè gbé igbá òfìfo fún un. Òfin àjèjì ni ó sọ pé ọba kì í jẹ̀bi.

Adájọ́ tó bá ń fi ojú àánú nìkan dájọ́ ì bá ti wá ọ̀nà láti fún ìdílé náà ní owó ìtanràn. Ẹ̀ṣọ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sọ pé òfin náà burú, ó sì tẹ̀ lé e nítorí òun ni òfin ìgbà náà. Àwọn kan rò pé ó yẹ kó fọ́ ògiri náà. Ìrònú wọn ní ìwọ̀n tirẹ̀, nítorí ẹni tí wọ́n sun ilé rẹ̀ kò rí ìtùnú nínú ọ̀rọ̀ tó dùn létí.

Ẹjọ́ Ojukwu, 1986

Ọdún kan lẹ́yìn èyí ni ẹjọ́ òdìkejì rẹ̀ dé. Chukwuemeka Odumegwu Ojukwu, olórí Biafra nígbà ogun abẹ́lé, ti padà sí Nàìjíríà ní ọdún 1982 lẹ́yìn ìdáríjì. Ó ń gbé nínú ilé kan ní Queens Drive, Ìkòyí. Ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó ní kí ó jáde. Bí ọ̀rọ̀ náà ti wà ní ilé-ẹjọ́ ni wọ́n fi àwọn agbófinró lé e síta. Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn pàṣẹ pé kí wọ́n dá a padà. Ìjọba kò ṣe é. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n wá sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá àṣẹ náà dúró.

Àsìkò ológun ni. Àṣẹ ológun lè gba agbára lọ́wọ́ ilé-ẹjọ́ nígbàkígbà. Ṣùgbọ́n Ẹ̀ṣọ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ fún ìjọba. Ó ṣàlàyé pé ẹni tó bá ń wá ojúrere ilé-ẹjọ́ gbọ́dọ̀ mú ọwọ́ mímọ́ wá, àti pé ìjọba tó bá ń fi ipá ṣe ohun tí ẹjọ́ ṣì wà lórí rẹ̀ ti ń ba ìpìlẹ̀ ìlú jẹ́. Ẹnikẹ́ni, títí kan ìjọba ológun, kò ju òfin lọ níwọ̀n ìgbà tí ilé-ẹjọ́ bá ṣì ṣí.

Bí a bá wá to àwọn ẹjọ́ náà jọ, èrò pé ẹ̀yà tàbí ẹgbẹ́ ló ń darí rẹ̀ kò rí ẹsẹ̀ dúró. Ní ọdún 1979, ó dá Awólọ́wọ̀ láre, Yorùbá sì ni, ṣùgbọ́n Yorùbá ni Adájọ́ Àgbà tí kò dá a láre náà. Ní ọdún 1985, kò dá ìdílé Yorùbá láre. Ní ọdún 1986, ó dá Ojukwu, ọmọ Igbo, láre lórí ìjọba Èkó tí ọmọ Yorùbá, Gbọ́láhàn Mudasiru, jẹ́ gómìnà rẹ̀. Ojukwu yìí kan náà sì ti du ipò sẹ́nétọ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ NPN, ẹgbẹ́ Shagari, ní ọdún 1983. Ohun kan ṣoṣo tó so àwọn ìdájọ́ náà pọ̀ ni bí ó ṣe ń ka òfin: ó ń di ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mú, ó sì ń fi ojú ète rẹ̀ wò ó.

Lẹ́yìn Ìfẹ̀yìntì

Ọdún 1990 ni Ẹ̀ṣọ́ pé ẹni ọdún 65, ó sì fẹ̀yìn tì. Ìjọba tún pè é ní ọdún 1993 láti darí ìgbìmọ̀ tó yẹ ètò ìdájọ́ Nàìjíríà wò. Ìgbìmọ̀ náà kò bo ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ wọn mọ́lẹ̀: wọ́n dárúkọ àwọn adájọ́ tó lé ní 40 tí wọ́n ní kò yẹ kó máa bá iṣẹ́ lọ. Àbájáde wọn sùn sínú fáìlì fún ọdún púpọ̀. Ní ọdún 2002 ni ìgbìmọ̀ mìíràn, tí Adájọ́ Bọ́lá Babalákin, ọmọ Gbọ̀ngán, jẹ́ alága rẹ̀, tó tún un yẹ̀ wò. Láàrin ọdún 2007 sí 2009, Ẹ̀ṣọ́ tún jẹ́ alága ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà ti Ìpínlẹ̀ Rivers, níbi tí ìwà ipá ti gba ẹ̀mí púpọ̀. Ẹni tó lo gbogbo ayé rẹ̀ nínú kóòtù òyìnbó wá padà sí ìlàjà, tí í ṣe ọ̀nà àwọn baba rẹ̀. Ọjọ́ 16, oṣù Bélú, ọdún 2012 ni ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ẹni ọdún 87.

Ohun tí Olùkọ́ Lè Rí Mú Lò

Ìtàn yìí wúlò nínú kíláàsì ju kí a kọ orúkọ àti ọdún sójú pátákó lọ. Ẹjọ́ ọdún 1979 lè so ìṣirò, ìtàn àti ẹ̀kọ́ ìlú pọ̀: kí akẹ́kọ̀ọ́ fi mẹ́ta pín 19, kí ó ṣe ìṣirò Kánò ní ọ̀nà méjèèjì, kí kíláàsì sì pín sí méjì láti jiyàn rẹ̀. Ẹjọ́ Ṣóyínká yóò kọ́ wọn ní ìyàtọ̀ tó wà láàrin ohun tí a fura sí àti ohun tí a lè fi ẹ̀rí gbè. Àwọn ẹjọ́ náà kan olùkọ́ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Olùkọ́ tó na ọmọ láìgbọ́ tẹnu rẹ̀ ti gbẹ́jọ́ ẹnìkan dá. Èyí tó kó ìwé ìdánwò pamọ́ di ìgbà tí kò rántí ìbéèrè tó bi wọ́n mọ́, ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n bá wí nínú ẹjọ́ Ariori ni òun náà ń dá.

Ìgúnlẹ̀

Àyẹ̀wò yìí ti tọ ipasẹ̀ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ láti Ọmọ́fẹ̀ ní Iléṣà dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ó ti fi hàn pé a kò lè fi ẹjọ́ kan ṣoṣo wọn adájọ́. Ẹni tó wo ọdún 1979 nìkan lè pè é ní ti Awólọ́wọ̀, ẹni tó wo ọdún 1985 nìkan lè ní ó gbè lẹ́yìn ìjọba, ẹni tó wo ọdún 1986 nìkan lè ní ó ta ko ìjọba. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ni ó fi ọkùnrin náà hàn. Àwọn adájọ́ mìíràn wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí irú àyẹ̀wò yìí tọ́ sí ní èdè abínibí, kí àwọn ọmọ tí à ń kọ́ lónìí lè mọ̀ pé a kì í fi ìbọn tàbí adé nìkan kọ ìtàn ìlú. A máa ń fi kálàmù adájọ́ kọ ọ́ pẹ̀lú.